Omi Lẹ́yìn Ọkọ̀

Ọdún tí mo kó dé òpópó yìí ní Edmonton,
tí yìnyín ti ilẹ̀kùn pa mọ́ mi,
ìwọ lo kọ́kọ́ kàn mí, Nezahat,
pẹ̀lú àwo funfun kan, etí rẹ̀ dúdú bí aró,
ìrẹsì tí a fi ewé àjàrà dì wà nínú rẹ̀, ó ṣì ń gbóná.
N kò mọ orúkọ rẹ. O kò mọ tèmi.
O ní àlejò Ọlọ́run ni mí.
Mo ní, àlejò kẹ̀? Èmi ni mò ń sanwó ilé yìí lóṣooṣù.
O rẹ́rìn-ín. O ní kí n jẹun.

Mo fọ àwo, mo nù ún, mo dá a padà.
O wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo kànga tó gbẹ.
Tuncay ọmọ rẹ ló bá mi níbi ìdalẹ̀nù:
“Àǹtí, lọ́dọ̀ wa, àwo kì í padà sílé lófìfo.”
Ojú tì mí.
Èmi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kí ọmọdé máa kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ àwo!
Lọ́jọ́ kejì mo gbé mọ́ínmọ́ín mẹ́fà wá,
ẹlẹ́yin, elẹ́ja, ata rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré.
Omijé bọ́ lójú rẹ. O ní ó dùn.
Irọ́ ni, ṣùgbọ́n o jẹ ẹ́ tán.
Àwo yẹn rìn láàárín wa fún ọdún mọ́kànlá.

Nílé rẹ, bàtà kì í kọjá ẹnu ọ̀nà,
bí ọ̀kan bá sì dojú délẹ̀, wàá sáré yí i padà
kí ikú má baà rí i.
Omi olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó jókòó.
Lẹ́yìn náà tíì pupa, nínú ife kékeré oníbàdí tín-ínrín.
Mo ní ó tó, o bu òmíràn.
Mo ní mo yó, o bu òmíràn.
Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó mọ̀ pé
ṣíbí ni à ń dá bú orí ife;
ẹnu àlejò kò lágbára níbẹ̀.
O kò fi àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́ rí,
orí tábìlì lo ń gbé e sí, kí ìjà má baà bá a wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan Tuncay ń súfèé ní bálùwẹ̀.
Àwa méjèèjì la pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé kó dákẹ́,
ìwọ ní èdè rẹ, èmi ní tèmi.
Lẹ́yìn náà a wo ara wa.

Àárọ̀ tí mo ń lọ sin ìyá mi,
mo bojú wẹ̀yìn nínú takisí,
mo rí ọ nínú aṣọ ìsùn, o ń da omi ìgò sí títì.
Inú bí mi títí dé pápákọ̀ òfurufú.
Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù,
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi;
ta ní ń da omi sẹ́yìn ọlọ́fọ̀?
Ìgbà tí mo dé lo ṣàlàyé:
kí n lè lọ bí omi, kí n sì ṣàn padà.
Mo ti padà ná kí n tó gbọ́.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ wá mú ọ lọ sí Izmir,
nítorí ìbàdí rẹ àti àtẹ̀gùn ilé wa.
Kò sí ìgò nítòsí. Kẹ́tù ni mo gbé,
mo sáré jáde láìwọ bàtà,
mo da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ yín.
Ọ̀gbẹ́ni Pritchard yọrí lójú fèrèsé,
ó ní ṣé páìpù ló bẹ́ ni?
Mo ní rárá.

Àwo etí-aró wà nílé ìdáná mi.
Èmi ló kàn.
Mo ti rẹ ẹ̀wà sómi.